Ìdákẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Bí ọmọ Yorùbá kan bá ń múra àtilọ kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ òtútù ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń bá a sọ. Ẹni tí ó ti lọ rí yóò júwe irú ẹ̀wù tí yóò rà. Ìyá rẹ̀ yóò di èlùbọ́, gààrí, ata gígún àti ẹja gbígbẹ sínú àpótí. Àwọn àgbà ilé yóò gbàdúrà pé kí ó lọ ire kí ó sì bọ̀ ire. Gbogbo èyí ni ó dára. Ṣùgbọ́n òtútù kì í pẹ́ mọ́ ni lára, oúnjẹ ilé kò sì ṣòro rí mọ́ ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rí iṣu àti èlùbọ́ rà bí ẹni pé ọjà Mushin ni ó ti ń ná an. Ohun tí ó ń ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ṣẹ́ ju òtútù lọ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé òun dì mọ́ ẹrù fún wọn, tí ó sì jẹ́ pé láti ilé ni wọ́n ti gbé e lọ. Ìdákẹ́ ni.

Inú kíláàsì ni ìdákẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọmọbìnrin kan wà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, tí ó sì ṣe dáadáa débi pé àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ó wá rí àyè fún oyè kejì ní yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ó jẹ́ pé ọdún kan péré ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dé ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ìjókòó kékeré tí wọ́n ń pè ní sẹ́mínà, ènìyàn méjìlá ni ó yí tábìlì kan ká. Olùkọ́ wọlé, ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ti funfun, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní orúkọ àbísọ òun. Ọmọbìnrin náà kò lè pè é. Bí ó bá ní "Sà", àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bojú wẹ̀yìn wò ó. Bí ó bá sì fẹ́ dárúkọ ọkùnrin náà, ètè rẹ̀ yóò wúwo. Nítorí náà, kì í pè é rárá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà láàárín ọ̀rọ̀, ẹni tí ó sì ti fi í gbára lé láti kékeré yóò máa wá a kiri bí arúgbó tí ó sọ ọ̀pá nù.

Lẹ́yìn èyí ni olùkọ́ béèrè ohun tí wọ́n rò nípa ìwé tí ó ní kí wọ́n kà. Kò béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé náà o. Èrò wọn ni ó béèrè. Ọmọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò kà ju ojú ewé mẹ́rin lọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yìí ti ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì, ó tilẹ̀ ti rí ibi tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣì í, ṣùgbọ́n ó ń dúró kí wọ́n pe òun. Kò sí ẹni tí ó pè é. Ó rẹ ojú sílẹ̀, nítorí pé ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà lójú kọrọkọrọ. Olùkọ́ náà rí ojú tí ó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbà pé kò ka ìwé náà ni. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó hu ìwà tí kò tọ́. Ohun tí ọ̀kan fi bọ̀wọ̀ ni èkejì kà sí òfìfo.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àròkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kó gbogbo ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ jọ, ó tò wọ́n dáradára, kò sì ti ẹnu tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Máàkì 52 ni ó gbà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé kò mọ irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún un pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 50 ni wọ́n fi ń yege nínú oyè kejì, pé ẹni tí ó gba 60 ṣe dáadáa, àti pé ẹni tí ó bá gba 70 ti dé orí òkè. Ahun ni àwọn olùkọ́ wọn bí ó bá di ọ̀rọ̀ máàkì. Ohun tí ó tún dùn ún ju máàkì lọ ni gbólóhùn kan tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, pé òun kò gbọ́ ohùn tirẹ̀ níbẹ̀. Báwo ni ọmọ àná yóò ṣe gbóhùn sókè sí ẹni tí ó kọ odidi ìwé? Ní ibòmíràn nínú àròkọ náà, ó da ìlà mẹ́ta kọ láti inú ìwé kan láìdárúkọ ẹni tí ó ni ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń dá nóòtì olùkọ́ padà nígbà ìdánwò. Nílé, ohun tí ó fi hàn ni pé ó fetí sílẹ̀. Níbẹ̀, olè ni, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ irú olè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń di gbogbo ẹ̀bi yìí ru àṣà Yorùbá. Ìdájọ́ náà kò tọ́. Ìran tí ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, kì í ṣe ìran tí ó ní kí ọmọdé má ronú. Láàárín àwọn babaláwo pàápàá, ẹni tí ó bá ń ki ẹsẹ̀ Ifá ní àwùjọ, tí ó sì ṣì í, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í dákẹ́ wò ó. Lóòótọ́, òwe wà tí ó ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ni í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́; ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni ó sọ pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kíláàsì ni ó mú òwe kan tí ó sì gbé èkejì jùnù. Nínú yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mọ́, olùkọ́ a máa pe nóòtì, wọ́n a máa kọ ọ́, wọ́n a sì dá a padà fún un bí ó ti pè é. Ẹni tí ó bá nawọ́ láti béèrè ìbéèrè, wọ́n á ní ó fẹ́ fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, àwọn olùkọ́ ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ kàn, kí ó tó kan àwọn ti òkè òkun, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́.

Kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1922 ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Kì í ṣe ọmọdé nígbà náà, ó ti kàwé ní Fourah Bay ní Sàró. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ rí màbo ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó kò tó, ó sì ń kọ́ àwọn òyìnbó ní èdè Yorùbá kí nǹkan lè máa lọ. Ilé gbígbé tún ṣòro, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1924, nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, ìwé ìròyìn kan gbé ọ̀rọ̀ àbùkù jáde nípa àwọn ará Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, tí kò sì lẹ́ni, a máa ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sì ká ìwé náà nílẹ̀. Ṣólàńkẹ́ kọ lẹ́tà láti tako ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ní ọdún náà gan-an ni òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amy Ashwood Garvey, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú Nàìjíríà. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 1925, òun àti Bankole-Bright, dókítà ará Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Àwọn lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n so pọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n etí Yorùbá kan kò lè gbọ́ ọ kí ó má gbọ́ "wàásù". Wọn kò ṣèèṣì. Orúkọ yìí náà ni wọ́n fún ìwé ìròyìn wọn.

Ohun tí Ṣólàńkẹ́ tètè rí ni pé ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá bá ìdákẹ́ jà. Akẹ́kọ̀ọ́ nílò ilé kí ó tó lè ní ohùn. Láti ọdún 1929 títí di 1932, ó rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń wá owó tí wọn yóò fi ní ilé tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé náà ní ojúlé 62, Camden Road. Aya Ṣólàńkẹ́, Ọpẹ́olú, ni ó ń tọ́jú ilé àti àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ dákẹ́ ní kíláàsì, nígbà tí ó bá padà sí ibẹ̀ ní alẹ́, yóò jẹ oúnjẹ tí ó mọ̀, yóò sọ èdè tí ó mọ̀, yóò sì jiyàn lórí òṣèlú títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá jà fún òmìnira ni ó gba ilé yìí kọjá. Irú ìpéjọpọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni ó bí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀.

Oríṣi ìdákẹ́ mìíràn wà tí kò ti ọ̀dọ̀ àìnílé wá. Kòfówórọ̀lá Moore, tí àwọn ènìyàn wá mọ̀ sí Lady Adémọ́lá lẹ́yìn náà, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ó gba oyè ní Oxford, ní ọdún 1935. Ọmọ lọ́yà ni, kò mọ ìyà owó, èdè Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ó sì kọ́ ní yunifásítì. Síbẹ̀, nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí Margery Perham gbé jáde ní ọdún 1936, ó ṣàlàyé pé ìṣòro òun ni pé wọ́n ń wo òun bí ohun àràmàǹdà, wọn kò wo òun bí ènìyàn lásán. Ẹni tí wọ́n ń wò lọ́nà bẹ́ẹ̀, bí ó bá sọ̀rọ̀, èdè ẹnu rẹ̀ ni wọn yóò yìn, wọn kò ní gbọ́ ohun tí ó sọ. Kò pẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó máa fi ẹ̀rín dáhùn gbogbo ìbéèrè. Wọlé Ṣóyínká náà lọ sí Leeds ní ọdún 1954. Ewì rẹ̀ tí ó ń jẹ́ "Telephone Conversation" dá lórí ẹni tí ó ń wá yàrá, tí onílé obìnrin sì ń bi í lórí tẹlifóònù bóyá ó dúdú púpọ̀. Ọdún 1968 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé.

Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ìdákẹ́ náà wọ inú ẹbí. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya tí ó lọ nígbà náà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán tí wọ́n sì ń kàwé ní alẹ́, nínú yàrá kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n bá bímọ, wọn kò rí ẹni bá wọn gbé e jó: kò sí ìyá àgbà, kò sí àbúrò. Wọ́n á kéde nínú ìwé ìròyìn àwọn olùtọ́jú ọmọ, wọ́n á sì gbé ọmọ lọ fún ìdílé aláwọ̀ funfun ní Kent tàbí ní Sussex, wọ́n á máa sanwó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èrò wọn kò burú. Bí ẹni gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni ó rí lójú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá mọ́. Nígbà tí àwọn òbí gba oyè tán tí wọ́n sì lọ gbà á, òun àti ìyá rẹ̀ kàn ń wo ara wọn ni. Oyè tí wọ́n mú bọ̀ sílé níyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n rà á kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan.

Ní òde òní, ìdákẹ́ tí ó burú jù ni ti àárín akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ilé. Nígbà tí lẹ́tà ń lo ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lójú ọ̀nà, ènìyàn lè rí àwáwí. Nísinsin yìí tí fóònù wà lọ́wọ́ tolórí-tẹlẹ́mù, àwòrán ni wọ́n fi ń bo ìdákẹ́ mọ́lẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ dúró nínú yìnyín, ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹbí sì ṣe àmín sí i. Wọn kò mọ̀ pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba dá náírà sílẹ̀ ní ọjà, ìṣirò ọmọ náà ti dàrú. Dọ́là kan tí ó tó nǹkan bíi 460 náírà kí oṣù náà tó dé ti kọjá 1,400 náírà kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá ta ilẹ̀ láti san kò tó ìdajì mọ́. Wákàtí 20 péré lọ́sẹ̀ ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀ lè pàdánù físà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn tí ó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé àti irú wọn nìkan, pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tí ìjọba fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, ni ó lè mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání. Nítorí náà, ẹni tí ó lọ ṣe oyè kejì dá wà nínú yàrá.

Ìrànlọ́wọ́ wà o. Yunifásítì ní owó tí wọ́n fi ń ran ẹni tí ìṣòro dé bá lọ́wọ́. Wọ́n ní olùdámọ̀ràn. Wọ́n lè sún ọjọ́ iṣẹ́ síwájú fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti san 776 pọ́n-ùn fún ìtọ́jú ìlera ọdún kan kí ó tó gba físà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrànlọ́wọ́ yìí, ti ẹni tí ó bá béèrè ni, kí ọjọ́ sì tó kọjá. Ọmọ tí a kọ́ pé kí ó má sọ ìṣòro ilé síta yóò jókòó nínú òkùnkùn yàrá, yóò sọ pé òun kò ní ìtìjú tí òun yóò kó bá bàbá òun, títí lẹ́tà yóò fi dé pé wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Nígbà náà, yunifásítì gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí, físà a sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ogún ọdún sá fún ilé nítorí ìdánwò kan tí wọn kò yege. Bóyá ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ ìbá ti dárí jì wọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Mà."

"Ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa, Mà."

"Òtútù yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń mọ́ mi lára, Mà. Ẹ bá mi kí Dádì."

Ìbéèrè ìfẹ́ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè kí ọmọ tó lanu. Olùkọ́ ni ìyá náà, ó sì mọ ohùn ọmọ tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó mọ ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi keje, kò béèrè oúnjẹ.

"Àdùnní mi, kí ni olùkọ́ yín bi yín lọ́sẹ̀ yìí tí o mọ̀, tí o kò dáhùn?"

Fóònù dákẹ́ pẹ́, débi pé ìyá wò ó bóyá ó ti já. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé tí ó kà lẹ́ẹ̀mejì, ó sọ ti ibi tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣì í, ó sọ ti àròkọ àti 52, ó sọ ti ọkùnrin olórí funfun tí kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìyá kò dá sí i, àfi kí ó máa ní "Ẹn-ẹ́n, mò ń gbọ́." Ó ṣì ń sọ ọ́ lọ nígbà tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé wọ́n ti mú iná lọ láti ìgbà pípẹ́, pé inú òkùnkùn ni òun jókòó sí.